Àga Mẹ́jọ ni Mo Ní, Mo Gba Owó Ọgọ́ta Ènìyàn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa dì mú, ẹ fa ìjókòó mọ́ra. Èmi Lámídì, tí gbogbo Ìlaró mọ̀ sí Ọ̀gá Páàdì, ló fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, kò sì dùn mí. Àwọn tó kàwé dé góńgó ń jókòó síwájú mi, wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Ọmọ mi obìnrin, Sìkírá, ló bá mi fi àmì sórí rẹ̀, ó sì fẹ́ yọ gbogbo ibi tí mo ti yin ara mi kúrò. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Adìẹ tó bá yé ẹyin, òun fúnra rẹ̀ ló ń ké fáráyé gbọ́.

Iṣẹ́ ilé géèmù ni mo ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe é. Òun ni mo fi kọ́lé, òun ni mo fi rán ọmọ mẹ́rin níwèé, kò sì sí ẹni tó di páàdì mú níwájú mi, láti Ìfọ́nyìntẹ̀dó títí dé Ayétòrò, tó fi àyà balẹ̀ lọ sílé. Bí mo bá jókòó sídìí géèmù bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ poli á sáré pe ara wọn pé kí wọ́n wá wo bí àgbà ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mo ṣe borí ni mo fẹ́ sọ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo borí púpọ̀. Ọjọ́ kan wà tó kù díẹ̀ kí ilé géèmù yẹn bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gùn. Oko ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi ń ṣe ní Ìfọ́nyìntẹ̀dó. Èmi àti màmá mi gbé gàrí wá sí Ìlaró lọ́jọ́ ọjà kan, mo yọjú wo fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan, mo rí ọkùnrin kékeré kan tó ń fò lórí ògiri nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Mo gbàgbé gàrí. Nígbà tí màmá mi wá mi kàn, ó kọ́kọ́ gbá mi létí, lẹ́yìn náà ló wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù bóyá ó ń gba ọmọṣẹ́. Ó ní òun ń gbà. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fẹnu kò sí.

Ọ̀gá Bádírù lorúkọ ọ̀gá mi. Rédíò títúnṣe ló kọ́ ní Kútọnu kó tó rí i pé géèmù ló ń bọ̀. Faransé díẹ̀díẹ̀ kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Páàdì tí a fi ń gbá géèmù, “manẹ́ẹ̀tì” ló ń pè é. Bí ọwọ́ mi bá ń yá jù, á ní “dùsumá”, ìyẹn ni pé kí n rọra. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo. Ẹ bẹ̀rù ọ̀gá tí kì í pariwo.

Ọdún kan gbáko ni kò fi jẹ́ kí n gbá géèmù kankan. Mò ń tún páàdì ṣe, mò ń lẹ wáyà, mò ń gbálẹ̀, mò ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń gbá a. Nígbà yẹn, inú kásẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ni géèmù wà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, gbogbo ayé ló máa ń gbé e sẹ́nu, tí wọ́n á fẹ́ ẹ fúù. Ọ̀gá mi bá mi níbi tí mo ti ń fẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan. Kò nà mí. Ó ní kí n la ẹnu, ó mú òwú tó rì sínú sípíríìtì, ó fi nu ahọ́n mi.

“Báwo ló ṣe rí?”

“Ó ń ta mí, sà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni itọ́ rẹ ṣe ń ta kásẹ́ẹ̀tì. Òun ló ń jẹ́ kó dípata. Òwú àti sípíríìtì, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí mo bá tún rí ẹnu rẹ lára ọjà mi, Ìfọ́nyìntẹ̀dó kò jìnnà.”

Títí dòní, bí mo bá rí ẹni tó ń fẹnu fẹ́ ohunkóhun tó ń lo iná, ahọ́n mi á ta mí.

Òfin méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Èkíní, ẹni tó bá fìdí rẹmi ló máa sanwó, òun náà ló sì máa dìde. Ẹni tó borí ló ń jókòó. Èkejì ni ti bàtà. Bí o bá dé tí àga kò ṣófo, wàá bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, wàá tò ó sídìí ògiri tẹ̀ lé ti ẹni tó ṣáájú rẹ, wàá wá dúró pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, kí o máa fi àwọn tó ń gbá a ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹnìkan bá dìde, bàtà iwájú ló kàn. Kò sí ìjà, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ pé bàtà òun dá rìn lọ síwájú. A kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń dúró. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé, “Owó kì í ṣáájú ìdí débi àga.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwàdà ni.

Nígbà tí mo ṣe fúrídọ̀mù, mi ò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ iṣẹ́ náà. Ìkan ń ṣe tíṣà, ìkan ń ta ọjà ní ẹnubodè. A jọ ṣe é fún ọdún mélòó kan, títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Lọ́jọ́ kan, ó pè mí síta, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì jáde. Ó fún mi ní ìkan. Ó fi okùn sí èkejì, ó fi kọ́rùn ara rẹ̀.

“Lámídì, ṣọ́ọ̀bù di tìrẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé ẹnìkan sanwó níbẹ̀ tí kò rí àga jókòó, màá wá tì í. Mi ò sì ní kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọ.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Nínú mi, mo ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo mọ iṣẹ́ yìí bí ẹni mọ ojú ara rẹ̀, kí ló máa gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn kúrò lọ́rùn bàbá?

Irinṣẹ́ wá ń yí padà. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, síídì dé. Síídì kò fẹ́ sípíríìtì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti ha ojú rẹ̀, ọṣẹ ìfọyín ni à ń fi ra á títí yóò fi dán. Èmi ni mo mọ èyí fúnra mi ní Ìlaró, àwọn tó kù wá jí i kọ́ lọ́dọ̀ mi. Tẹlifíṣọ̀n tó ní ìdí ńlá lọ, pẹlẹbẹ dé. Síídì náà tún ń lọ, géèmù ń gba inú ìkànnì wọlé, dátà ló ń jẹ. Gbogbo rẹ̀ ni mo bá yí. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mi ti sá nídìí iṣẹ́, wọ́n ń gun ọ̀kadà. Èmi ní tẹlifíṣọ̀n mẹ́jọ, ẹ̀rọ mẹ́jọ, àga mẹ́jọ onítìmùtìmù tí kò sí irú rẹ̀ nílùú.

Ìgbà yẹn ni Sìkírá, tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní poli, ka ohun kan fún mi lórí fóònù rẹ̀. Ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń ṣe géèmù lókè òkun ti bẹ̀rẹ̀ àsansílẹ̀. Èèyàn á san owó kékeré lóṣooṣù, á sì máa gbá gbogbo géèmù tó bá wù ú, kò ní ra ìkankan. Mo ní kó tún un kà. Kí oorun tó gbé mi lálẹ́ yẹn, mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Òyìnbó ò gbọ́n jù mí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rò ó, nítorí ìrònú náà kò burú. Ìbèsè kò jìnnà sí wa, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń kó o máa ń gba Ìlaró kọjá. Bí oṣù bá parí, owó á wà lọ́wọ́ wọn, géèmù bọ́ọ̀lù á sì máa wù wọ́n bí i ti ọmọdé. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó pé, sìmẹ́ńtì á ti gbé wọn lọ sí Ìlọrin, lọ sí Kánò. Mo ní kí wọ́n san àsansílẹ̀ oṣù, kí wọ́n wá gbá a nígbà tó bá wù wọ́n, kò sí pé mo fìdí rẹmi, kò sí pé mo san tàbí mo dìde. Wọ́n san án. Wọn kò wá. Oṣù tún pé, wọ́n tún san án. Owó ń wọlé, àga ń sinmi. Àwọn ọmọ poli náà san tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn ń wá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn níbẹ̀. Owó àwọn tí kì í wá ni mo fi ń gbé àwọn tó ń wá. Nítorí pé gbogbo ènìyàn ti sanwó tán, mo ní kí a palẹ̀ bàtà mọ́ nídìí ògiri. Mo ní iṣẹ́ ti di ti ọ̀làjú.

Ọ̀gá Bádírù gbọ́. Ó wá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù.

“Àga mélòó lo ní?”

“Mẹ́jọ, sà.”

“Àwọn tó san àsansílẹ̀ yìí ńkọ́?”

“Wọ́n tó ọgọ́ta, sà. Ẹ má dààmú, ọ̀pọ̀ wọn kì í wá.”

“Ẹni tí kì í wá lo fi ń jẹun?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn.”

Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀. Ó ní, “Dùsumá.” Ó gun ọ̀kadà lọ sílé.

Nínú àwọn awakọ̀ yẹn, ẹnìkan wà tó ń jẹ́ Sámúẹ́lì. Bọ̀dá Sámù ni à ń pè é. Èèyàn ńlá ni, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ sì kéré. Oṣù márùn-ún léraléra ló san án, kò wọlé lẹ́ẹ̀kan. Á dá tírélà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á na owó sí mi láti ojú fèrèsé, á ní, “Ọ̀gá géèmù, àga mi ńkọ́?”

Èmi á ní, “Ó wà níbẹ̀, ó ń retí yín.”

“Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn bà á jẹ́ o.”

Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín, òun á sì tẹná mọ́ ọkọ̀.

Àṣìṣe kejì ni mo tún fi lé àkọ́kọ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń gbé géèmù bọ́ọ̀lù tuntun jáde. Tẹ́lẹ̀, oṣù méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ìkórè wa. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ fọwọ́ kàn án, wọ́n á máa san án ní ìdíje kan sí ìdíje kan. Lọ́dún yẹn, mo kọ ọ́ sára pátákó pé ẹni tó bá wà lórí àsansílẹ̀ á gbá géèmù tuntun láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò ní fi nǹkankan kún un. Sìkírá kà á, ó mi orí.

“Kí ló dé?” mo bi í.

“Bàbá mi, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fúnra wọn kò tíì fẹnu kò lórí èyí. Àwọn kan ní géèmù tuntun kò gbọdọ̀ wọ àsansílẹ̀ títí yóò fi pẹ́ lọ́jà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa ra ohun tó rí gbà.”

“Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.”

“Àwọn tó ní owó tó tó bẹ́ẹ̀, Bàbá mi?”

“Owó kì í ṣe àyà. Èmi ní àyà.”

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ tí géèmù náà dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, wọ́n ní kọ́fáàtì kan, afárá kékeré tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀, ti wó lójú ọ̀nà Ìbèsè, tírélà kankan kò lè kọjá. Mo gbọ́ ọ, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn sí géèmù tuntun. Láti aago mẹ́jọ ni àwọn ọmọ poli ti gba àga méje. Èmi fúnra mi jókòó sí ìkẹjọ, mò ń nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń pe ara wọn pé kí wọ́n wá wo àgbà.

Ọ̀sán ni awakọ̀ àkọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni mo wo òde, tí ọwọ́ mi sì dúró lórí páàdì. Tírélà ti tò láti ìsàlẹ̀ títì títí mi ò fi rí òpin rẹ̀, àwọn tó wà nínú wọn sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Àwọn tí mo ti fi owó wọn jẹun láti oṣù yìí dé oṣù yẹn, tí mo ti gbàgbé ojú wọn, gbogbo wọn ló ń bọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Wọ́n kún inú ilé. Wọ́n kún ẹnu ọ̀nà. Ẹnìkan tó ti mọ̀ wá láti ayé bàtà bọ́ tirẹ̀, ó tò ó sídìí ògiri. Àwọn tó kù rí i, wọ́n ń bọ́ tiwọn. Bàtà tò jáde kúrò nínú ilé, ó kọjá gọ́tà, ó dé etí títì.

Mo yíjú sí àwọn ọmọ poli. “Ẹ dìde fún àwọn ẹ̀gbọ́n yín.”

Ọ̀kan nínú wọn kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. “Ọ̀gá Páàdì, a ti san ti oṣù.”

“Ẹ ti gbá a láti àárọ̀.”

“Ẹ kọ ọ́ sára pátákó, ẹ ní títí tó bá wù wá. Kò tíì tó wa.”

“Wọn ò kọ́ àwọn ọmọ yìí nílé,” awakọ̀ kan sọ láti ẹ̀yìn.

“Ìwọ tí wọ́n kọ́, ṣé wọ́n kọ́ ọ kí o máa gba àga lọ́wọ́ ọmọ?” ọmọ poli kan fèsì.

Ẹ̀rín díẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí eyín kì í yọ ni. Mo wá rí ohun tí mo ti ṣe. Mo ti mú òfin kúrò nílẹ̀. Tí kò bá sí ẹni tó fìdí rẹmi, kò sí ẹni tó máa dìde.

Bọ̀dá Sámù ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe dúró, ìmọ́lẹ̀ dín kù nínú ilé. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Èkejì ti wà nílà. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

“Ọ̀gá géèmù, àga mi ńkọ́?”

Mo ní, “Bọ̀dá Sámù, ẹ jọ̀ọ́, èrò pọ̀. Ẹ padà wá lọ́la.”

“Lọ́la, wọ́n á ti tún ọ̀nà ṣe.” Ó wo àga mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ojú rẹ̀ fi kan èyí tí èmi jókòó sí. “Oṣù márùn-ún ni mo fi san owó àga tí mi ò jókòó sí. Òní ni mo wá jókòó.”

Ó yẹ kí n dìde. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ó yẹ kí n dìde lójú ẹsẹ̀, kí n fún un ní àga mi. Ṣùgbọ́n ìdíje ń lọ lọ́wọ́, mo ń fi gól kan borí, àwọn ènìyàn sì ń wò mí. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n parí èyí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìhó sọ láti ẹ̀yìn. Ẹnìkan ní, “Ó ń fi owó wa gbá tirẹ̀.” Wọ́n tì síwájú. Ẹsẹ̀ kan kọ́ wáyà, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ṣubú lulẹ̀, ó fọ́. Àwọn ọmọ poli fò dìde, àga ń dojú bolẹ̀, èkejì ṣubú. Lóde, àwọn tí kò ríran ń tì, wọ́n ti jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wó lulẹ̀. Òórùn bẹntiróòlù wọlé. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Ó ń ṣàn wá sábẹ́ ilẹ̀kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, jẹnẹrétọ̀ sì ń kígbe níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ìdí rẹ̀ gbóná bí ẹyín iná.

Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù náà ní.

Mo ní mo ní àyà. Páàdì ni mo dì mú. Ẹni tó yíjú padà ni Bọ̀dá Sámù. Ó fi èjìká la èrò kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀, ó pa á. Ó gbé e pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, èyí tó jẹ́ pé ọkùnrin méjì la fi ń gbé e, ó gbé e lọ sí òdìkejì títì. Ọwọ́ rẹ̀ kan bó. Nígbà tí ariwo ẹ̀rọ dákẹ́, ariwo èèyàn náà dákẹ́. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá bàtà wọn.

Ọ̀kadà kan dúró. Ọ̀gá Bádírù, tí ẹnìkan ti lọ sọ fún, sọ̀ kalẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà dì í lápá mú. Kò bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó wọlé, ó fi ẹsẹ̀ tọ́ awẹ́ tẹlifíṣọ̀n wò. Nínú gbogbo àga, èyí tí mo jókòó sí nìkan ló ṣì dúró. Mo ṣì wà lórí rẹ̀.

“Ta ló fìdí rẹmi?” ó bèèrè.

Mo gbé páàdì sílẹ̀.

“Dìde.”

Mo dìde. Ó ní kí n jáde. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, ó ti ilẹ̀kùn, ó gba tọwọ́ mi lọ́wọ́ mi. “Ẹni tó bá san owó oṣù tí kò jókòó, lọ dá owó rẹ̀ padà fún un. Bí ó bá ku ẹnìkan, mi ò ṣí i.” Ojú gbogbo àdúgbò ni. Èmi Ọ̀gá Páàdì.

Mo ta ọ̀kadà mi, mo ta ẹ̀rọ méjì. Mo ń lọ láti ibùdó tírélà kan sí òmíràn, mò ń fi ìwé kan mọ́ àyà, mò ń tọrọ gáfárà. Àwọn kan bú mi, àwọn kan ní kí n jẹ́ kó lọ, mo ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á. Ó gba oṣù méjì àti ààbọ̀. Gbogbo wọn ni mo rí, àfi Bọ̀dá Sámù. Wọ́n tún ọ̀nà ṣe lọ́jọ́ kejì bó ṣe wí, ó ti lọ sókè Ọya, wọ́n ní ó ti bọ́ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ mìíràn. Bàtà ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ló kù sídìí ògiri mi, awọ dúdú, ó tóbi bí ọkọ̀ ojú omi.

Mo gbé bàtà náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ méjèèjì.

“Ó ku ẹnìkan, sà,” mo ní.

“Mo mọ̀. Bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí bàtà rẹ̀ wà nílà, òun ló kàn.”

Ọ̀gá mi ti lọ báyìí, Ọlọ́run kó forí jìn ín. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mo dá ìlà bàtà padà, mo ní kí ẹni tó fìdí rẹmi máa dìde. Mi ò pa àsansílẹ̀ rẹ́ o. Mo fi àga méjì sí i, fún géèmù àtijọ́ nìkan, láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ń mú owó díẹ̀ wá láti ara ohun tí ì bá máa sùn. Géèmù tuntun, ìdíje kan, owó kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é títí àtàǹpàkò mi fi bẹ̀rẹ̀ sí dùn mí, tí mo sì ta ṣọ́ọ̀bù.

Èmi àti Sìkírá ṣì ń jiyàn lé e. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò rí bí i tèmi. “Bàbá mi, kò sí àga lọ́dọ̀ wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lè gbá géèmù kan náà lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó máa dúró.”

“Wọ́n ní àga,” mo ní. “Ọdún mélòó ni wọ́n fi ń ṣe géèmù ńlá kan?”

“Ó lè tó márùn-ún.”

“Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é, wọ́n sì ń gba owó oṣù. Àga wọn nìyẹn. Bí ẹnìkan bá san ti oṣù kan, tó gbá ohun tí wọ́n fi ọdún márùn-ún ṣe tán, tó sì lọ, ta ló sanwó àga? Géèmù tó ti pẹ́ lọ́jà, tó ti pa owó ara rẹ̀, kí wọ́n kó o síbẹ̀, èrè ni. Tuntun, kí wọ́n tà á fún ẹni tí kò lè dúró dè é. Wọ́n lè kó tuntun síbẹ̀ láti fi fa èrò wọlé, èmi náà ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sanwó tí kì í wá nìkan ló lè gbé e dúró.”

“Irú wọn pọ̀ lórí ìkànnì, Bàbá mi.” Ó rẹ́rìn-ín sí mi lọ́nà tí kò yé mi. “Ẹ mú fóònù yín wá.”

Ó fi hàn mí. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mo ní kó fi mí sórí àsansílẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, kí n lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Owó ń kúrò ní báǹkì mi lóṣooṣù. Mi ò tíì ṣí i rí, àtàǹpàkò mi kò gbà á. Oṣù márùn-ún. Àwọn ará òkè òkun ń jẹun lára mi, wọn ò sì mọ ojú mi.

Mo dìde, mo lọ gbé bàtà yẹn láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọdún tí mo ti ń bèèrè Bọ̀dá Sámù ti pọ̀, mo sì ti gbọ́ nígbà kan pé ó ti padà sí Ìbèsè, pé kò wakọ̀ mọ́. Kò yá mi lára láti lọ. Ìtìjú ni. Lọ́jọ́ yẹn, mo gun ọ̀kadà.

Mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé rẹ̀, ó ń bó àgbàdo. Ó ti hewú. Àpá iná wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mo gbé owó oṣù márùn-ún sílẹ̀, mo gbé bàtà lé e.

Ó mú bàtà náà, ó yí i sí òkè, ó yí i sí ìsàlẹ̀. “Èkejì ti sọnù,” ó ní.

“Ẹ má bínú.”

“Ta ló borí ìdíje yẹn?”

“Ìdíje wo, Bọ̀dá Sámù?”

“Èyí tí ẹ ní kí n jẹ́ kí ẹ parí.”

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi borí, mo sì máa ń sọ ọ́ fáyé gbọ́. Mo ní, “Mi ò parí ẹ̀.”

Ó na ẹsẹ̀, ó fi ti àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sún mọ́ mi. “Ẹ jókòó, ọ̀gá géèmù. Ibí yìí, ẹ ò ní san án sílẹ̀.”

Mo jókòó. Ó na àgbàdo kan sí mi, a jọ ń bó o.